Àmín Orí Àgbò

Àmín kan péré ni Tologon ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, àmín ọ̀hún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé ká.

Kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Oyin ló ń sìn, ojoojúmọ́ layé ni oyin ń ta á, kò sì bú oyin rí. Níbi ìgbéyàwó, Tologon á ṣàmín. Níbi ìsìnkú, á ṣàmín. Nígbà kan tí olórí abúlé ń ka orúkọ àwọn tó máa wá gbẹ́ kòtò omi, Tologon tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ṣàmín sí gbogbo orúkọ, títí dórí orúkọ tiẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n kan géètì ní kùtùkùtù, tí yìnyín ṣì wà lórí koríko, tó ṣí i, tó rí Bàbá Sultanaly pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun, fìlà funfun àti àgbò funfun, ó yẹ kó ti fura pé funfun yẹn ti pọ̀ jù. Àgbò ọ̀hún sanra débi pé ọ̀rá ìrù ẹ̀ ń mì lẹ́yìn ẹ̀ bíi tìmùtìmù tí wọ́n so mọ́ ọn.

Búrẹ́dì wà lọ́wọ́ Tologon, torí àlejò kì í dé ẹnu ọ̀nà kó má fi búrẹ́dì kan ẹnu. Àmọ́ kó tó nà án sí bàbá yẹn, bàbá ti ju okùn àgbò sílẹ̀, ó ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sójú ọ̀run.

"Ọlọ́run Ọba, fi àlàáfíà sáàárín ilé méjèèjì. Ohun tó ti lọ, jẹ́ kó máa lọ. Kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa ní sùúrù, kí wọ́n máa dárí jini, kí wọ́n má máa rojọ́ káàkiri..."

Ọwọ́ Tologon ti gòkè. Kódà, ó kọ́kọ́ gbé búrẹ́dì lé orí ògiri, kí ọwọ́ lè tẹ́ dáadáa.

"Àmín," ni Tologon wí, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú bọ̀ sílẹ̀.

Bàbá Sultanaly náà nu ojú tiẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wọ mọ́tò ẹ̀, ó wà á lọ. Àgbò dúró.

Láti ojú fèrèsé ni Sayragul, ọmọbìnrin Tologon, ti wo gbogbo ẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan wà nínú bàtà, èkejì wà nínú ìbọ̀sẹ̀, torí bàtà kejì ti di àwátì láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́. Ìlú ńlá ló fẹ́ lọ, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá obìnrin kan tó ń jẹ́ Kunduz. Kunduz ti sọ fún un pé, "Ẹjọ́ yìí, tìẹ ni. Tó o bá fẹ́ ká bá a lọ, wá lọ́jọ́bọ̀, wá fẹnu ara ẹ sọ ọ́. Tó o bá fẹ́ ká fi í sílẹ̀, wá sọ ìyẹn náà. Àmọ́ ìwọ ni kó o wá o. Mi ò fẹ́ àbúrò bàbá ẹnikẹ́ni."

Àbúrò bàbá Jakṣilik ni Bàbá Sultanaly. Jakṣilik sì ni ọ̀gá ilé ìránṣọ tí Sayragul ti ń ránṣọ, òun ló fipá bá a lò nínú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ sí. "Oore" ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn, Jakṣilik. Àwọn òbí tó sọ ọ́ ò dúró wo ọmọ náà dáadáa.

Ká má parọ́, Sayragul fúnra ẹ̀ ò tíì mọ èyí tó máa sọ fún Kunduz. Láti àná ni "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" ti ń ta ayò lórí ẹ̀. Tó bá wo ẹsẹ̀ tó wà nínú bàtà, bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá wo ẹsẹ̀ tó wà nínú ìbọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọjọ́bọ̀ ti pé, bọ́ọ̀sì ń bọ̀, wọ́n sì ti wá ṣàmín lé e lórí.

Anarkan, ìyá ẹ̀, já síta pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá Sayragul! Kí lẹ ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Àwọn ni wọ́n ṣàdúrà."

"Ẹ̀yin wá ṣe kí ni?"

"Mo... mo ṣàmín."

"Lórí ẹran?"

Tologon wo àgbò. Àgbò wo Tologon.

"Ó jọ pé orí ẹran ni."

"Yéè! Ẹran tí wọ́n ti ṣàmín lé lórí, ṣé wọ́n ń dá a padà ni? Pípa ni! Tá a bá sì pa á, tá a fẹnu kàn án, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn! Ẹ ti parí ẹjọ́ ọmọ yín, ẹ ò tíì mu tíì!"

Tologon wo ọwọ́ ara ẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ aládùúgbò ni. Ó rọra kì wọ́n bọ àpò ṣòkòtò. "Wọn ò ní jáde mọ́ lónìí," ló wí.

Sayragul gbọ́ ohùn ìyá ẹ̀ dáadáa. Ìbínú wà níbẹ̀, àmọ́ ìtura náà wà níbẹ̀, ó lúgọ sábẹ́ ìbínú bí ológbò sábẹ́ tábìlì. Ìtura yẹn ló dùn ún jù.

Màmá Àgbà Batma, ìyá Tologon, fi ọ̀pá jáde wá. Orúnkún ẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ láti ọdún mélòó kan, àmọ́ ẹnu ò kọ̀ ọ́.

"Ta ló gbé àlejò wá?"

"Bàbá Sultanaly ni, Ìyá," ni Tologon dáhùn. "Wọ́n wá bẹ̀bẹ̀."

"Ẹ̀bẹ̀? Ẹlẹ́bi ló ń kúnlẹ̀ tá a mọ̀. Ta ló kúnlẹ̀?"

Gbogbo wọn wo àgbálá. Àgbò nìkan ló kúnlẹ̀, torí pé ó ń wá nǹkan jẹ lábẹ́ ògiri.

"Ẹni iyì nìyẹn," ni Màmá Àgbà wí. "Òun ni mo dárí jì."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni àgbò dìde, ó fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì gun ògiri, ó gbé búrẹ́dì tí Tologon fi síbẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ gbuu-gbuu, ó di ojú.

"Ẹ ti rí i?" ni Màmá Àgbà wí. "Ẹnu jẹ, ojú tì. Àgbò ló jẹ búrẹ́dì wa, òun ló bá wa parí ìjà. Kí àwọn Sultanaly lọ bá àgbò sọ tiwọn."

Kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín tán, géètì tún ṣí. Zuurakan aládùúgbò ni, ó gbé ìkòkò irin ńlá mọ́ àyà, ọ̀bẹ wà ní bàǹtẹ́ ìdáná ẹ̀.

"Ẹ kú oríire o, Ìyá Sayragul! Mo ní kí n tètè gbé ìkòkò wá, torí tiyín ò ní gba ìrù yẹn. Mo ti fi sórí gúrúùpù abúlé. Mo ní, ilé Tologon ti gba àgbò, ọ̀rọ̀ ti parí. Háà! Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́! Ọwọ́ tó wà lórí fóònù yìí ti ju èèyàn abúlé lọ."

"Ta ló rán ẹ?" ni Màmá Àgbà bi í.

"Ṣé wọ́n ń ránni ní ìròyìn ayọ̀ ni, Màmá? Ẹ jẹ́ kó parí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ló ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́."

"Ta ló fẹ́ bá a ṣọ̀rẹ́?"

Zuurakan yíjú sí ìkòkò ẹ̀. Ó bá lọ gbé e kaná ní ilé ìdáná, ó bu omi sí i, ó jókòó ti òkúta ìpọ́nbẹ. Ẹni tí ò bá rí ọ̀rọ̀ sọ, á pọ́n nǹkan.

Inú ilé ìdáná ni wọ́n kó ìjà wọ̀, torí òtútù. Anarkan da mílíìkì sí tíì ẹlòmíràn, ó tún da tíì sórí tábìlì.

"Ẹ̀yin ẹ máa ṣàwàdà," ló wí. "Èmi ni mò ń ronú. Ìdajì obìnrin abúlé yìí, ilé ìránṣọ yẹn ni wọ́n ti ń jẹun. Tí wọ́n bá tì í, ta ni wọ́n máa bú? Ta ló máa wá tọrọ ọmọ yìí lọ́wọ́ wa? Wọ́n máa ní kó dìde síwájú àwọn ọkùnrin, kó sọ gbogbo ẹ̀. Wọ́n máa bi í léèrè aṣọ tó wọ̀!"

"Aṣọ iṣẹ́," ni Sayragul wí.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa sọ̀rọ̀ láàárọ̀ náà. Gbogbo wọn yíjú.

"Aṣọ iṣẹ́ tó fún wa. Ó ní ọ̀ranyàn ni ká máa wọ̀ ọ́. Orúkọ tiẹ̀ wà lẹ́yìn aṣọ náà, lẹ́tà gàdàgbà-gadagba."

Tíì ń kán láti orí tábìlì sílẹ̀, tó, tó, tó. Tologon ń wo ògiri. Ọwọ́ ẹ̀ ń jà nínú àpò bí eku tó há sínú àpò ìyẹ̀fun.

Ìró ọ̀bẹ Zuurakan lórí òkúta wá ń falẹ̀. Ṣáá. Ṣáá. Ó dákẹ́.

"Nínú yàrá aṣọ ni, àbí?" ni Zuurakan bèèrè. Kò gbójú sókè.

"Níbẹ̀ ni, Àǹtí."

"Èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá. Tó ní ilẹ̀kùn búlúù."

"Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kùn ún."

"Ó ṣì ń há?" Ó ń fi àtàǹpàkò wo ojú ọ̀bẹ. "Ilẹ̀kùn yẹn, wọn ò kàn án dáadáa. Èèyàn máa gbé e sókè díẹ̀ ná, kó tó ṣí. Tó o bá kàn ń tì í, kò ní ṣí. O lè máa tì í... o lè máa tì í títí."

Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé Zuurakan ti fìgbà kan gbálẹ̀ ní ilé ìránṣọ yẹn. Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé ó fiṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Ó ní eruku òwú ló ń fún òun níkọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ikọ́ náà rí.

Anarkan gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó fa àga kan sẹ́yìn, ó fọwọ́ gbá orí ẹ̀ pé kí Zuurakan jókòó níbẹ̀. Zuurakan ò jókòó. Ó wé ọ̀bẹ sínú bàǹtẹ́, ó gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ó da omi ẹ̀ sí àgbálá.

"Ìkòkò yìí ń jò," ló wí.

Ìkòkò ò jò. Gbogbo wọn ló ń wò ó.

Ó dé ẹnu géètì kó tó yíjú padà, ó sì gbé fóònù sókè. "Mò ń lọ sórí gúrúùpù. Màá sọ fún wọn pé kí wọ́n sọ ọwọ́ wọn kalẹ̀."

Sayragul jókòó, ó wo ẹsẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀. Ó rò ó. Kì í ṣe torí Zuurakan ni. Ẹrù Zuurakan, Zuurakan ló ni ín, ọjọ́ tó bá fẹ́ sọ ọ́ ló máa sọ ọ́, tí kò bá sì fẹ́, kò sẹ́ni tó máa fún un lọ́rùn. Ohun tó wà lọ́kàn Sayragul ni pé òun náà ti ilẹ̀kùn yẹn lọ́jọ́ náà. Ó tì í, ó tì í. Láti ọjọ́ náà ló ti ń rò ó pé bóyá òun ò tì í dáadáa ni, bóyá òun ò lágbára tó, bóyá ẹlòmíràn ì bá ti jáde. Ta ló mọ̀ pé gbígbé ni wọ́n ń gbé e?

"Mò ń lọ," ló wí. "Màá ní kí wọ́n bá a lọ."

"Dúró," ni Anarkan wí.

Sayragul dúró. Ó ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu tó máa fi bá ìyá ẹ̀ jà. Àmọ́ Anarkan yípadà. Ó lọ sídìí àpò ìyẹ̀fun ní kọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó na apá sẹ́yìn ẹ̀, ó sì fa bàtà kan jáde. Bàtà Sayragul kejì ni, ó funfun báláú fún ìyẹ̀fun.

"Mo ní kí n... kí n bá ẹ nù ún ni," ni Anarkan wí.

Sayragul gbà á. Tó bá gbọ̀n ọ́n, ìyẹ̀fun ẹ̀ á tó wọn ṣe búrẹ́dì kan.

"Ó ti mọ́, Màámi," ló wí. Ó sì wọ̀ ọ́.

Ó wá ku àgbò. Èyí ló tún dá ìjà tuntun sílẹ̀, torí wọn ò lè pa á, wọn ò sì lè dá a padà.

"Àmín ti wà lórí ẹ̀," ni Tologon ń sọ ṣáá. "Àmín mi ni. Mo mọ̀ ọ́n."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́," ni Màmá Àgbà dá a lóhùn. "Ìwọ ni wọ́n ṣẹ̀? Àmín ẹni tí wọn ò ṣẹ̀, bí ìgbà téèyàn sín ni. Ká kí ẹ pẹ̀lẹ́, ká máa bá tiwa lọ."

"Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ lé mi," ni Sayragul wí. "Torí kí n má baà lọ ni wọ́n ṣe gbé e wá. Kó wá lọ sọ ọ́ fún wọn níbẹ̀."

Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. "Ẹnu tó bá jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo," ló wí. "Àmọ́ búrẹ́dì ni eléyìí jẹ. Ẹ mú un lọ. Orúnkún mi ò lè dé ibẹ̀, ẹnu mi ti lọ ṣáájú yín."

Ní ibùdókọ̀, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹran ò wọ ọkọ̀ mi."

"O gbé pẹ́pẹ́yẹ lọ́jọ́ ajé!" ni Anarkan ké mọ́ ọn.

"Pẹ́pẹ́yẹ ń jókòó."

"Òun náà á jókòó!"

Ẹ wá wò ó, àgbò wọlé, ó sì jókòó, ó fi ìrù tìmùtìmù ẹ̀ dí gbogbo ọ̀nà.

"Ó dáa, ẹ sanwó ẹ̀. Owó àgbàlagbà ni o. Ẹ wo irùngbọ̀n ẹ̀."

Owó wà nínú àpò Tologon, ọwọ́ Tologon náà sì wà níbẹ̀. "Ẹ yọ ọwọ́ díẹ̀," ni Anarkan wí. "Mi ò yọ." Anarkan bá ki ọwọ́ tiẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n sì ń jà nínú ṣòkòtò kan ṣoṣo níwájú gbogbo èrò ọkọ̀.

"Ṣé ọwọ́ ń dùn wọ́n ni?" ni obìnrin kan bèèrè.

"Àmín ló ń dùn wọ́n," ni Anarkan dáhùn.

Gbogbo èrò ọkọ̀ ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Fóònù ti sọ fún wọn. Àwọn kan ń wo Sayragul, àwọn kan ń wo àgbò, torí àgbò rọrùn láti wò. Nígbà tí ọkọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ itẹ́ òkú, gbogbo wọn tẹ́ ọwọ́, títí kan dírẹ́bà, wọ́n sì nu ojú fún àwọn tó ti lọ. Òógùn bo Tologon. Ṣòkòtò ẹ̀ ń mì. Ètè ẹ̀ ti ń sún mọ́ "à" nígbà tí Anarkan tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Sayragul rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ya òun fúnra ẹ̀ lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ géètì tẹ́ṣàn wo gbogbo wọn láti òkè délẹ̀. "Ẹ mú ẹran wá sí tẹ́ṣàn?"

"Ẹlẹ́rìí ni," ni Anarkan wí. Àyà ẹ̀ ń já, ó hàn lójú ẹ̀, síbẹ̀ òun ló sọ ọ́.

Kunduz jáde sórí àtẹ̀gùn, ife tíì lọ́wọ́ ẹ̀. "Sayragul. O wá."

"Mo wá, Àǹtí."

"Èyí ńkọ́?"

"Àwọn èèyàn Jakṣilik ló mú un wá, kí n má baà wá."

Kunduz wo àgbò pẹ́. "Ẹ so ó mọ́ òpó àsíá. Màá fẹ́ gbọ́ ìtàn tiẹ̀ náà." Ó wá sọ ohùn ẹ̀ kalẹ̀. "Kó o tó wọlé, mi ò ní tàn ẹ́. Ó máa pẹ́. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa bi ẹ́ lóríṣiríṣi ọ̀nà. O lè má jàre. Ṣé ká bá a lọ?"

"Ẹ bá a lọ," ni Sayragul wí. "Kí màámi tẹ̀ lé mi wọlé."

Ó gun àtẹ̀gùn, ó wá dúró. Ó yíjú sí bàbá ẹ̀ tó dúró ti àgbò bí òpó àsíá kejì.

"Bàbá, ẹ yọ ọwọ́ yín jáde."

"Rárá o, ọmọ mi. Ọwọ́ yìí ti ṣe ẹ́ ní..."

"Láàárọ̀, àdúrà ẹlòmíràn lẹ ṣàmín sí. Ẹ ṣe tiyín. Èmi ni màá ṣàmín."

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi: ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀, Tologon ò ṣáájú àdúrà rí. Àmín niṣẹ́ ẹ̀. Ọwọ́ kan jáde. Ọwọ́ kejì jáde, ó fa inú àpò yọ síta, èérún búrẹ́dì dà sílẹ̀, òkú oyin kan náà bọ́ sílẹ̀. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́.

"Ọlọ́run," ló wí. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. "Ọlọ́run, èmi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Jẹ́ kí ọmọ mi mọ̀ ọ́n sọ."

Àgbò ló kọ́kọ́ dáhùn. "Mèèè!"

Ọlọ́pàá géètì nu ojú. Kunduz fi ọwọ́ tí ife ò sí nínú ẹ̀ nu tiẹ̀. Anarkan nu ojú tiẹ̀, nínù náà sì gùn ju àdúrà lọ.

"Àmín," ni Sayragul wí.

Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin ẹ̀ mú, ó sì gbé e sókè díẹ̀ ná, bí Zuurakan ṣe sọ.

Èyí ò tiẹ̀ nílò gbígbé. Ó ṣí.